Bọ́ǹdù rélùwéè Amẹ́ríkà àtijọ́: kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_MD:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ilé yìí. Maryland ni mò ń gbé. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó bọ́ǹdù rélùwéè Amẹ́ríkà jọ (ìwé gbèsè tí àwọn iléeṣẹ́ ojú irin fi yáwó), àwọn ti nǹkan bí 1850 sí 1900. 300 dọ́là ni mo yà sọ́tọ̀ fún un. Ọkùnrin kan ń fi ọ̀kan lọ̀ mí: bọ́ǹdù 1,000 dọ́là, ọdún 1873, èlé 7 nínú 100, kúpọ̀n rẹ̀ (ègé bébà tí wọ́n ń gé láti fi gba èlé) ṣì pọ̀ lára rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé owó wúrà ni wọn yóò fi san án. 2,500 dọ́là ló ń bèèrè. Ó ní tí a bá ṣírò wúrà yẹn ní iye tó ń lọ lónìí, tí a sì gbé èlé gorí èlé láti 1873, mílíọ̀nù mílíọ̀nù ló jẹ́. Ó ní òun ní ìwé ẹ̀rí láti ọwọ́ ògbóǹtarìgì kan pẹ̀lú. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ kankan wà ńbẹ̀?

Yàtọ̀ sí ìyẹn, báwo lẹ ṣe ń dá ojúlówó mọ̀ yàtọ̀ sí àdàkọ? Kí ló ń mú kí ọ̀kan jẹ́ 20 dọ́là kí èkejì jẹ́ 2,000, nígbà tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú irin kan náà ni wọ́n yà sára àwọn méjèèjì? Kí ni ènìyàn lè ṣe sí èyí tí ibi ìṣẹ́po rẹ̀ ti fẹ́ já? Àti pé, rélùwéè tiwa l'Ékòó ńkọ́, ṣé òun náà ní bọ́ǹdù tí ènìyàn lè rí rà?

Ìyá Gbàǹjo:

Ẹ má san kọ́bọ̀ nínú 2,500 yẹn. Gbájú-ẹ̀ ni. Kò tilẹ̀ jẹ́ tuntun, láti àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń fi irú bọ́ǹdù bẹ́ẹ̀ lu àwọn ènìyàn ní jìbìtì, tí iléeṣẹ́ ìṣúra ìjọba Amẹ́ríkà sì ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní gbangba. Bọ́ǹdù Chicago, Saginaw and Canada Railroad ti 1873 wà lára àwọn tí wọ́n máa ń lò jù. Bó bá jẹ́ orúkọ yẹn lẹ rí lókè bébà rẹ̀, ẹ ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tú irọ́ náà wò. Iléeṣẹ́ aládàáni ló jẹ gbèsè yẹn, ìjọba Amẹ́ríkà kò ṣe oníduró rẹ̀. Nígbà tí iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò bá lè san èlé mọ́, àwọn tó ni bọ́ǹdù á gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọ́n á ta ojú irin náà ní gbàǹjo, wọ́n á pín ohun tó bá wọlé, ìdógò sì parí síbẹ̀. Ẹni tí kò mú bọ́ǹdù tirẹ̀ wá nígbà yẹn ti pàdánù. Iléeṣẹ́ tó ra ojú irin náà kò gba gbèsè mọ́ ọn.

Ti wúrà ńkọ́? Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 1933, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà pa gbólóhùn "a ó fi wúrà san án" rẹ́ nínú gbogbo àdéhùn gbèsè, ti àtijọ́ àti ti ìgbà náà. Ẹnì kan gbé iléeṣẹ́ rélùwéè Baltimore & Ohio lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀. Kúpọ̀n 22.50 dọ́là ló mú lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n san 38.10 fún òun torí pé iye wúrà ti gòkè. Ní oṣù Kejì 1935, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá a pé 22.50 náà ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Láti 1977 wọ́n ti gbà kí ènìyàn tún máa kọ ọ̀rọ̀ wúrà sínú àdéhùn, ṣùgbọ́n àdéhùn tuntun nìkan ni.

Èyí tó rọrùn jù láti fi dá a lóhùn ni ìṣirò. Bọ́ǹdù 1,000 dọ́là tó ń san 7 nínú 100, kúpọ̀n rẹ̀ jẹ́ 35 dọ́là ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Bó bá jẹ́ ti ọgbọ̀n ọdún, kúpọ̀n 60 ni, 2,100 dọ́là ni gbogbo rẹ̀. Ẹ fi ojú owó 1,000 kún un, ó di 3,100. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí lára bébà náà pé èlé yóò máa bí èlé títí ayé.

Ìwé ẹ̀rí tó ń fọwọ́ sọ̀yà lé lórí sì lè jẹ́ òótọ́ pátápátá! Ohun tí onímọ̀ yẹn jẹ́rìí sí ni pé 1873 ni wọ́n tẹ bébà náà lóòótọ́. Kò sọ pé ẹnikẹ́ni yóò san án. Irú bọ́ǹdù bẹ́ẹ̀ ní gbàǹjo kì í sábà kọjá 100 dọ́là.

Akójọwé:

Mo fara mọ́ Ìyá Gbàǹjo. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè ti iye tó ń yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ní láti kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń ka bọ́ǹdù. Àwòrán ọkọ̀ ojú irin tó wà lókè ló máa ń gba ojú ènìyàn, ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló ṣe pàtàkì.

Ẹ kọ́kọ́ wá ipò rẹ̀. "First Mortgage" túmọ̀ sí pé bí wọ́n bá ta ojú irin, ẹni tó ni ín ló kọ́kọ́ gbowó. "Second Mortgage" ń dúró lẹ́yìn rẹ̀. "Consolidated" àti "General" jẹ́ ti ìgbà tí iléeṣẹ́ ti da oríṣiríṣi gbèsè pọ̀ sábẹ́ ìdógò kan tó tóbi, ó sì sábà máa ń dúró lẹ́yìn àwọn ti àtijọ́ tí wọn kò tíì san tán. "Income Bond" kò san èlé àyàfi tí èrè bá wọlé. "Debenture" kò ní ìdógò kankan ní Amẹ́ríkà, orúkọ iléeṣẹ́ nìkan ló fi ń dúró. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo iye máìlì ojú irin tàbí ilẹ̀ tí wọ́n fi dógò, orúkọ báńkì tó jẹ́ alágbàtọ́jú ìdógò náà (Farmers' Loan and Trust àti Union Trust ti New York lẹ ó rí jù), àti bóyá ẹni tó bá mú un dání ló ni ín tàbí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ni ín sínú ìwé iléeṣẹ́.

Ìdí tí bọ́ǹdù fi pọ̀ tó báyìí ni pé owó ìpín kò tó kọ́ ojú irin. Nígbà tí Baltimore & Ohio gba àṣẹ ní 1827, ìpínlẹ̀ Maryland àti ìlú Baltimore fúnra wọn ra ìpín nínú rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn yáwó ní London láti fi kọ́ odò àtọwọ́dá àti ojú irin, títí di 1841 sí 1842 tí ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti agbègbè Florida kò lè san èlé mọ́, Maryland àti Pennsylvania wà lára wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, olówó London àti Amsterdam ń bèèrè ohun tó ṣeé fọwọ́ kàn: ojú irin, ilẹ̀, èlé tí wọ́n ti dá iye rẹ̀.

Illinois Central ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Ní 1850 ìjọba àpapọ̀ fi ilẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ éékà sílẹ̀, iléeṣẹ́ náà gba àṣẹ ní 1851, ó fi ilẹ̀ yẹn dógò, ó tẹ bọ́ǹdù, ó sì parí ojú irin máìlì 705 ní 1856. Ọwọ́ àwọn ará England àti Holland ni púpọ̀ nínú àwọn ìwé rẹ̀ bọ́ sí. Nítorí náà kò gbọdọ̀ yà yín lẹ́nu bí ẹ bá rí sítáǹbù owó orí ti Holland lára ìwé Amẹ́ríkà, iye rẹ̀ kò dín kù nítorí ìyẹn.

Ti ojú irin tó lọ láti òkun sí òkun sì ní ọgbọ́n tirẹ̀. Òfin 1862 ní kí ìjọba fún Union Pacific àti Central Pacific ní bọ́ǹdù ìjọba, èlé 6, ọgbọ̀n ọdún: 16,000 dọ́là fún máìlì kan lórí ilẹ̀ títẹ́jú, 32,000 ní ilẹ̀ gíga tó wà láàárín àwọn òkè, 48,000 lórí òkè gan-an. Ẹ̀yáwó ni, kì í ṣe ẹ̀bùn. Owó kò wọlé tó, ni wọ́n bá ṣe òfin 1864 tó gba àwọn iléeṣẹ́ náà láyè láti tẹ "First Mortgage" tiwọn ní iye kan náà, kí ìdógò ìjọba sì bọ́ sẹ́yìn tiwọn. Ìjọba tó yá wọn lówó wá ń tò sẹ́yìn ẹni tó ra bọ́ǹdù ní ọjà! Bí ẹ bá rí "First Mortgage" Union Pacific ti ìgbà yẹn, ohun tó wà lọ́wọ́ yín nìyẹn. Ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún 1869 ni ojú irin méjèèjì pàdé ní Promontory, Utah.

Ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka kúpọ̀n. Ẹ jẹ́ ká mú bọ́ǹdù kan tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1871, tó ń san èlé ní oṣù Keje àti oṣù Kìíní. Kúpọ̀n kìíní jẹ́ ti oṣù Keje 1871, ìkarùn-ún jẹ́ ti oṣù Keje 1873. Bí èyí tó kọ́kọ́ ṣẹ́kù lára bébà bá jẹ́ nọ́ńbà 6, ẹ mọ̀ pé wọ́n gba èlé títí di oṣù Keje 1873, ti oṣù Kìíní 1874 ni wọn kò gbà. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín? Báńkì Jay Cooke & Company, tó ń ta bọ́ǹdù Northern Pacific, ti ilẹ̀kùn ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án 1873, àwọn iléeṣẹ́ rélùwéè sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú tẹ̀ lé e. Ẹ ó rí kúpọ̀n tó dúró ní ìparí 1873 tàbí 1874 lára ọ̀pọ̀ ìwé.

Bí ẹ bá rí èlé 7 tàbí 8, ẹ̀rù ń ba ẹni tó yá wọn lówó nìyẹn. Lẹ́yìn ìjákulẹ̀ ọrọ̀ ajé ti 1893, àwọn oníbáńkì bíi J. P. Morgan tún gbèsè tò: èlé wálẹ̀, ọdún gùn. Northern Pacific ti 1896 jáde ní 4 nínú 100 títí di 1997 àti 3 nínú 100 títí di 2047. Santa Fe ti 1895 wà ní 4 títí di 1995. West Shore ló wá ju gbogbo wọn lọ: ọdún 2361 ni wọ́n kọ sára tirẹ̀.

Nípa iye owó nísinsìnyí, ipò ìdógò kò fi bẹ́ẹ̀ yí i padà. Iye tó kù láyé, ẹni tó fọwọ́ sí i, ẹwà àwòrán, àti bí wọ́n ṣe fagi lé e ló ń dá a. Iléeṣẹ́ ńlá tó san gbèsè rẹ̀ tán kó bọ́ǹdù tí wọ́n ti fagi lé sínú àpótí fún ọgọ́rùn-ún ọdún, nígbà tí àpótí wá ṣí, ọ̀kẹ́ àìmọye jáde sọ́jà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí New York Central tàbí Pennsylvania ti ọdún 1900 síwájú fi lè jẹ́ 10 dọ́là. Iléeṣẹ́ kékeré tó kọ́ máìlì 12 tó sì kú, bébà rẹ̀ lè ṣẹ́ku mẹ́ta péré.

Awò10X:

Ẹ jẹ́ kí n gbé ti ojúlówó àti àdàkọ. Ẹ ra gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10, kò wọ́n. Àwọn tó ń tẹ bọ́ǹdù nígbà náà máa ń fín àwòrán àti lẹ́tà sínú awo irin, wọ́n á fi yíǹkì kún ojú fífín náà, wọ́n á wá fi agbára tẹ bébà tútù mọ́ ọn. Yíǹkì máa ń yọ sókè lórí bébà nítorí náà. Ẹ rọra fi ìka tọ́ orúkọ iléeṣẹ́ àti etí àwòrán, ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Lábẹ́ gíláàsì, ìlà tó mọ́ tó sì ń tẹ̀ lé ara wọn ni ẹ ó rí. Àdàkọ tí wọ́n fi síkánà ṣe yóò rí tóótòòtóó. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o, bọ́ǹdù kékeré ti iléeṣẹ́ tí kò lówó lè jẹ́ títẹ̀ láti orí òkúta pẹlẹbẹ, èyí tí kò ní yọ sókè, tó sì jẹ́ ojúlówó. Ẹ má fi ìka nìkan dájọ́.

Ẹ wo orúkọ atẹ̀wé nísàlẹ̀, lẹ́tà kékeré. American Bank Note Company dá sílẹ̀ ní 1858, nígbà tí iléeṣẹ́ atẹ̀wé méje parapọ̀. National Bank Note tẹ̀ lé e ní 1859, Continental Bank Note ní 1863, American sì gbé àwọn méjèèjì mì ní 1879. Bọ́ǹdù tó ní 1852 ni òun jáde tó sì gbé orúkọ American Bank Note sísàlẹ̀ ní ìbéèrè láti dáhùn.

Nọ́ńbà bọ́ǹdù: ní ojúlówó, ẹ̀rọ títẹ nọ́ńbà máa ń jẹ bébà, ẹ yí i sẹ́yìn kí ẹ rí bó ṣe wú. Àdàkọ tí wọ́n ń tà fún àwọn arìnrìn-àjò máa ń ní nọ́ńbà kan ṣoṣo lára gbogbo rẹ̀, nítorí náà ẹ fi nọ́ńbà àti orúkọ iléeṣẹ́ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá rí mẹ́fà tí wọ́n ní nọ́ńbà kan náà, ó ti tán. Bébà wọn sábà máa ń ní àwọ̀ tíì, ó sì máa ń ké páráráfà bí ẹ bá mì í. Tọ́ọ̀ṣì UV náà wúlò: bébà tí wọ́n ṣe lẹ́yìn nǹkan bí 1950 sábà máa ń tàn funfun mọ́ búlúù lábẹ́ rẹ̀, ti 1870 kò ní tàn.

Ìfọwọ́sí ni owó ti ń ṣòfò jù. Ẹ fi ọjọ́ ikú àwọn olówó rélùwéè ìgbà náà yẹ̀ ẹ́ wò. Cornelius Vanderbilt àgbà kú ní oṣù Kìíní 1877, James Fisk ní oṣù Kìíní 1872, William H. Vanderbilt ní oṣù Kejìlá 1885, Jay Gould ní oṣù Kejìlá 1892. Bọ́ǹdù 1889 tó ní "Cornelius Vanderbilt" jẹ́ ti ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, tó kú ní 1899. Iye rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti àgbà, ẹni tó ń tà á sì lè má sọ fún yín. George Gould yàtọ̀ sí Jay bàbá rẹ̀. "J. P. Morgan & Co." tí ẹ bá rí jẹ́ ìfọwọ́sí iléeṣẹ́, ẹnikẹ́ni nínú àwọn alábàáṣe ló lè kọ ọ́, kì í ṣe ọwọ́ Morgan fúnra rẹ̀.

Ibi tí ìfọwọ́sí wà tún ṣe pàtàkì. Ààrẹ iléeṣẹ́ máa ń fọwọ́ sí iwájú. Ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára ìwé gẹ́gẹ́ bí oní-nǹkan máa ń fọwọ́ sí ẹ̀yìn nígbà tó bá fẹ́ gbé e fún ẹlòmíràn. Orúkọ William H. Vanderbilt tí akọ̀wé kọ síwájú kì í ṣe ìfọwọ́sí, bí ẹ̀yìn bá ṣófo, orúkọ lásán lẹ ń rà. Bí ẹ bá fẹ́ Gould láì náwó púpọ̀, ẹ wo Missouri, Kansas & Texas ti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1880, òun ni ààrẹ rẹ̀ nígbà náà, ó sì fọwọ́ sí ọ̀pọ̀.

Èmi kì í ra èyí tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé ìfọwọ́sí rẹ̀ tàbí tí wọ́n lu ihò sí i. Iye rẹ̀ já sí ìdajì tàbí kó jù bẹ́ẹ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_MD:

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti sọ fún ọkùnrin náà pé n kò rà á mọ́. Kúpọ̀n ló kù tí kò tíì yé mi. Bí gbogbo kúpọ̀n bá pé, tí wọn kò gé ẹyọ kan, ṣé ìyẹn ni ó dára jù?

Akójọwé:

Kò fi dandan rí bẹ́ẹ̀. Kúpọ̀n tó pé pérépéré túmọ̀ sí ọ̀kan nínú mẹ́ta. Bóyá iléeṣẹ́ kò san èlé kankan rí. Bóyá wọn kò fi bọ́ǹdù yẹn síta rárá: ẹ yí i sẹ́yìn, ẹ wo ìwé ẹ̀rí báńkì alágbàtọ́jú, ọ̀pọ̀ bọ́ǹdù ló ní kí òun má ṣiṣẹ́ títí báńkì yẹn yóò fi fọwọ́ sí i. Bí ibẹ̀ bá ṣófo, ìwé tó ṣẹ́kù nílé atẹ̀wé tàbí lọ́fíìsì ni. Tàbí kó jẹ́ àpẹẹrẹ tí atẹ̀wé ṣe fún ara rẹ̀: nọ́ńbà rẹ̀ á jẹ́ 00000, wọ́n á lu ihò sí ibi ìfọwọ́sí, wọ́n á tẹ "SPECIMEN" pupa sí i. Èyí ìkẹta yìí lẹ́wà, àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣá, àwọn kan kì í sì kó nǹkan mìíràn jọ.

Èyí tí wọ́n gé díẹ̀ lára rẹ̀ lèmi fẹ́ràn jù, torí ó ń fi hàn pé ó ti ṣiṣẹ́. Ẹ tún rò ó pé bọ́ǹdù tó ní kúpọ̀n 60 lè fẹ̀ ju tábìlì kékeré lọ. Férémù rẹ̀ nìkan lè ju owó bébà lọ.

Ilé_Àpamọ́:

Èmi ni kí n dáhùn ti ibi ìṣẹ́po, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ba nǹkan jẹ́.

Ẹ má fi sẹ́lótéèpù kàn án. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ ń wọ inú bébà, ní ọdún díẹ̀ á di àbàwọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú tí kò ṣeé yọ. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Ooru àti ìwúwo rẹ̀ á tẹ yíǹkì tó yọ sókè àti òǹtẹ̀ iléeṣẹ́ pẹlẹbẹ, ohun tí Awò10X ní kí ẹ fi ìka wá yẹn á sì pòórá. Ẹ má sì jẹ́ kí oníléeṣẹ́ fọ́tòkọ́pì kankan fi ọ̀rá gbígbóná bò ó.

Bó bá ti ká fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹ má tú u lẹ́ẹ̀kan náà. Bébà gbígbẹ ló ń ṣẹ́. Ẹ wá ike ńlá tó ní ìdérí, ẹ da omi díẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ gbé asẹ́ ike sókè omi náà kí ó má kan bébà, ẹ gbé bọ́ǹdù lé e, ẹ dé e. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní wákàtí wákàtí. Nígbà tó bá ti rọ̀ díẹ̀, ẹ tú ìṣẹ́po kan, ẹ fi sáàárín bébà amúmi funfun méjì, ẹ fi pákó tó tẹ́jú àti ìwé wúwo tẹ̀ ẹ́ di ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n bí ìfọwọ́sí bá jẹ́ ti yíǹkì àlùkò tàbí bí wọ́n bá fi òǹtẹ̀ rọ́bà kọ nǹkan sí i, ẹ má dán an wò rárá, yíǹkì bẹ́ẹ̀ á tàn káàkiri. Bó bá ní sítáǹbù owó orí, ẹ má ṣe é, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á rọ̀ á sì ká.

Ibi tó já: bébà tín-ín-rín ti àwọn ará Japan, tí wọ́n fi ọwọ́ fà ya kí etí rẹ̀ lè rí bí irun, àti lẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àlìkámà sè. Ẹ̀yìn nìkan lẹ ó lẹ̀ ẹ́ mọ́, lẹ́ẹ̀ díẹ̀ gidi gan-an. Bí ìwé náà bá ju 200 dọ́là lọ, ẹ gbé e fún onímọ̀ ìtọ́jú ìwé.

Àpò tí ẹ ó fi pamọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ polyester, irú tí wọ́n ń pè ní Mylar. Ọ̀rá PVC rírọ̀ tó ń rùn bí ọ̀rá tuntun á máa tú òróró sára bébà. Ọ̀rinrin inú yàrá, 35 sí 50 nínú 100 ló dára. Bó bá kọjá 65 fún ìgbà pípẹ́, bébà á bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Ẹni tó bá ń kó tirẹ̀ pamọ́ sí Èkó tàbí Cotonou, kí ó má gbé àpótí sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí kí ó fara ti ògiri ìta: ikán ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, omi ń bọ̀ láti ara ògiri. Aáyán náà ń jẹ lẹ́ẹ̀ tó wà lẹ́yìn sítáǹbù. Bó bá sì jẹ́ férémù lẹ fẹ́, gíláàsì tó ń dí UV, kí bébà má fara kan gíláàsì náà, kí oòrùn má sì kàn án ní tààrà. Yíǹkì dúdú àtijọ́ ti ìfọwọ́sí ló kọ́kọ́ máa ń ṣá.

ojúirin1901:

Lórí ti Èkó: kò sí irú bọ́ǹdù tí ẹ ń wá yẹn. Iléeṣẹ́ aládàáni kọ́ ló kọ́ rélùwéè wa. Ìjọba amúnisìn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti Ìddó ní 1896, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní oṣù Kẹta 1901. Owó rẹ̀ jẹ́ gbèsè ìjọba, èyí tí Crown Agents (aṣojú àwọn ìjọba amúnisìn) ń bójú tó ní London. Nígbà tí wọ́n sì wá ta gbèsè bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará ìlú, inú ìwé báńkì ni wọ́n kọ orúkọ olówó sí, wọn kì í fún un ní bébà aláwòrán tó ní kúpọ̀n. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé "bọ́ǹdù Lagos Government Railway" tó ní àwòrán ọkọ̀ ojú irin wá bá yín, ẹ bi í níbi tó ti rí i. Tíkẹ́ẹ̀tì, ìwé àkókò ọkọ̀ àti káàdì aláwòrán ló wà fún ẹni tó fẹ́ kó ti Èkó jọ.

Ti England náà yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà. Òfin tó ń dá iléeṣẹ́ rélùwéè sílẹ̀ níbẹ̀ sábà máa ń ní kí gbèsè má kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta owó ìpín, nítorí náà ìwé ìpín lẹ ó rí jù. Àwọn ti 1845 sí 1846, nígbà tí orí gbogbo ayé gbóná sí rélùwéè, ṣì wà ní owó pọ́ọ́kú: bébà kékeré tó ń jẹ́rìí pé ẹnì kan ti san owó àsansílẹ̀ fún ìpín, nínú iléeṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ wọn kò kọ́ máìlì kan. Kò sí àwòrán púpọ̀ lára wọn, òǹtẹ̀ àti ìfọwọ́sí àwọn olùdarí ni. Ó wù mí ju ti Amẹ́ríkà lọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ojú ló ń ra ọjà.

Ìyá Gbàǹjo:

Mo fẹ́ ta ko Awò10X díẹ̀. Fún ẹni tó ní 300 dọ́là, èyí tí wọ́n ti lu ihò sí láti fi fagi lé e ni kó kọ́kọ́ rà. Ihò yẹn sábà máa ń sọ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n tà á, wọ́n sì san án tán. Kò sí oníjìbìtì tó lè tún un tà gẹ́gẹ́ bí gbèsè, ẹ̀yin náà kò sì ní san owó ìrètí lé e lórí. Tí ihò kò bá ti gba ojú àwòrán, kò burú. Ìfọwọ́sí olókìkí nìkan ni mo gbà fún un pé ihò ń bà á jẹ́.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo ní owó yẹn, n kò ní ra ẹyọ kan. Mo máa mú bọ́ǹdù 7 nínú 100 kan láti àárín 1868 sí 1873 tí kúpọ̀n rẹ̀ dúró lójijì, Santa Fe tàbí Northern Pacific kan láti àtúntò 1895 sí 1896, àti iléeṣẹ́ kékeré kan láti ìpínlẹ̀ tí mò ń gbé. Fún yín, Maryland nìyẹn, ẹ wá Western Maryland tàbí àwọn ẹ̀ka Baltimore & Ohio. Ẹ wo iye tí irú rẹ̀ ti tà ní gbàǹjo tó ti parí, kì í ṣe iye tí ẹnì kan ń bèèrè. Ẹ ṣírò owó tí ilé gbàǹjo ń fi lé e, 20 sí 25 nínú 100 ní ọ̀pọ̀ ibi, kí ẹ tó sọ iye tiyín.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè fún àwòrán mẹ́rin: iwájú, ẹ̀yìn, ibi ìfọwọ́sí ní tòsí, àti ibi tí kúpọ̀n tó kọ́kọ́ ṣẹ́kù wà kí nọ́ńbà rẹ̀ hàn. Ẹni tó bá ní kò sídìí fún ẹ̀yìn, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_MD:

Mo ti rí Western Maryland kan, wọ́n lu ihò mẹ́ta sí i nísàlẹ̀, 35 dọ́là. Mo ti ní kí ó fi ẹ̀yìn ránṣẹ́. Bó bá dé, màá gbé e síbí kí Akójọwé bá mi ka kúpọ̀n rẹ̀.